Níbo Ni Oògùn Àtọ̀gbẹ Ń Lé Ṣúgà Lọ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ìyá mi ti pé ẹni ọdún 71, ó sì ti tó ọdún 8 tí àyẹ̀wò ti fi hàn pé wọ́n ní àtọ̀gbẹ. Metformin àti Daonil ni wọ́n ń lò bọ̀. Lóṣù tó kọjá, dókítà tuntun yọ Daonil kúrò, ó fi dapagliflozin rọ́pò rẹ̀. Màmá ò gbà rárá. Wọ́n ní Daonil ló ń “mú” àwọn, pé ṣe ni èyí tuntun yìí kàn ń mú kí àwọn máa tọ̀ ṣáá. A lọ yẹ ìtọ̀ wọn wò, wọ́n ní ṣúgà kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Ohun mìíràn tó ń rú mi lójú ni pé wọn kì í jẹun lẹ́yìn aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, síbẹ̀ bí a bá yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò láàárọ̀ kùtù, 170, 180 la máa ń bá. Ta ló fi ṣúgà síbẹ̀? Bí oògùn bá sì lé ṣúgà, ibo ló ń lé e lọ?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, ẹ sì kú ìtọ́jú Màmá. Ìbéèrè yín tó kẹ́yìn ni n óò kọ́kọ́ mú, nítorí bí a bá rí ìdáhùn rẹ̀, àwọn tó kù ò ní le mọ́.

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń ra oògùn lọ́wọ́ àwa apoògùn ló gbà pé hóró oògùn máa ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ lọ bá ṣúgà jà, tí á sì pa á síbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí ọ̀kankan nínú àwọn oògùn àtọ̀gbẹ tí à ń gbé mì tó ń fọwọ́ kan ṣúgà fúnra rẹ̀. Ara ni wọ́n ń bá ṣiṣẹ́: òmíràn ń bá ẹ̀dọ̀ ṣe é, òmíràn páńkíríásì, òmíràn ìfun, òmíràn kíndìnrín. Ibi tí oògùn kọ̀ọ̀kan ti ń ṣiṣẹ́ la fi ń mọ ire tó lè ṣe, wàhálà tó lè fà, àti ohun tí aláìsàn á máa rí lára rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi lè fún èèyàn kan ní oògùn ṣúgà méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, láìjẹ́ pé a fi iṣẹ́ kan náà rán wọn.

Gbogbo ṣúgà tó ń ṣàn káàkiri nínú ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le, nígbà tí kò tíì jẹun, kò ju nǹkan bíi gíráàmù 4 sí 5 lọ. Ṣíbí tíì kan péré nìyẹn. Ọpọlọ nìkan sì ń jẹ nǹkan bíi gíráàmù 120 lójúmọ́. Tó bá jẹ́ pé oúnjẹ ẹnu nìkan ni ara gbójú lé, ẹni tó bá sùn láìjẹun kò ní jí. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣọ́ ilé lóru.

Ẹ̀dọ̀ náà ló fi ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀ Màmá. Nígbà tí a bá jẹun, ó máa ń kó lára ṣúgà oúnjẹ pamọ́. Bó bá di òru, á máa tú u jáde díẹ̀díẹ̀, nǹkan bíi gíráàmù 8 sí 10 ní wákàtí kan. Bí èyí tó kó pamọ́ bá ń tán lọ, á tún máa fi nǹkan mìíràn ṣe ṣúgà tuntun, títí kan ègé purotéènì tó ń ti ara ẹran ara wá. Ínsúlíìnì, ohun tí páńkíríásì ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ láti mú ṣúgà wálẹ̀, ló máa ń sọ fún un pé ó tó. Nínú àtọ̀gbẹ oríṣi kejì, èyí tó wọ́pọ̀ láàárín àgbàlagbà, ẹ̀dọ̀ kì í gbọ́ràn sí ínsúlíìnì lẹ́nu dáadáa mọ́, á wá máa tú ṣúgà jáde bí ẹni pé ebi ń pa gbogbo ará ilé, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ti kún. Bí ilẹ̀ bá sì fẹ́ mọ́, àwọn họ́mọ̀nù tó ń múra ara sílẹ̀ fún jíjí, kọ́tísọ́ọ̀lù wà lára wọn, á tún máa ti ẹ̀dọ̀ pé kó tú sí i. Ẹ wá rí i pé kì í ṣe oúnjẹ alẹ́ ló fa 180 àárọ̀ yẹn, fífi ebi sùn ò sì ní lé e lọ. Bí Màmá bá ti ń pa ara wọn lébi nítorí rẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹ oúnjẹ alẹ́ tó mọ níwọ̀n.

Ẹ̀dọ̀ yìí gan-an ni metformin ń bá wí.

Àwọn tó ń sọ pé oògùn òyìnbó ò mọ ewé, ẹ fi ìtàn metformin dá wọn lóhùn. Láti ara ewéko kan tí wọ́n ń pè ní Galega officinalis, tí wọ́n ti ń fi ṣe egbòogi ní Yúróòpù láti ayé àtijọ́, ni èrò rẹ̀ ti wá. Wọ́n rí i pé èròjà kan nínú rẹ̀ ń mú ṣúgà wálẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní májèlé. Ní 1922, Emil Werner àti James Bell ṣe metformin ní Dublin, èyí tó bá èròjà yẹn tan àmọ́ tí kò le tó o. Ó di 1957 kí Jean Sterne, dókítà ará Faransé, tó kọ̀wé nípa bó ṣe lò ó fún àwọn alátọ̀gbẹ. Amẹ́ríkà ò tilẹ̀ fọwọ́ sí i títí di 1994. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín rẹ̀ àti àgbo inú ike ni pé a mọ iye tó wà nínú hóró kan, a sì mọ ohun tó ń ṣe fún kíndìnrín àti ohun tí kíndìnrín ń ṣe fún un.

Bí a bá gbé e mì, inú ìfun ló ti ń bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á sì gbé e gba ẹ̀dọ̀ kọjá kó tó dé ibòmíràn, nítorí náà ó máa ń pọ̀ nínú ẹ̀dọ̀. Inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ ló ti ń dín agbára tí sẹ́ẹ̀lì ń rí lò kù díẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni kí ẹ̀dọ̀ ṣe ṣúgà tuntun, ó ń gba agbára púpọ̀, nítorí náà bí agbára bá ti dín, iṣẹ́ yẹn ni ẹ̀dọ̀ á kọ́kọ́ fi sílẹ̀. Ìdáhùn sí ibi tí metformin ń lé ṣúgà lọ ni pé kò lé e lọ síbì kankan. Èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kò jẹ́ kí ṣúgà náà jáde rárá. Kì í fipá mú páńkíríásì tú ínsúlíìnì, ìdí sì nìyẹn tí metformin nìkan kì í fi í sábà mú ṣúgà já sísàlẹ̀ jù.

Ó ń ṣiṣẹ́ nínú ìfun náà, ibẹ̀ sì ni wàhálà tí àwọn èèyàn ń sọ ti ń wá: inú tó ń run èèyàn, ìgbẹ́ gbuuru, ẹnu tó ń korò bí irin. A máa ń fi 500 mg bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú oúnjẹ, ká tó máa gòkè díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí inú rẹ̀ ò bá gbà á, kó béèrè irú tó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀, èyí tí wọ́n kọ XR sí lára páálí rẹ̀. Irú èyí kò ṣeé rún lẹ́nu, kò sì ṣeé lọ̀ fún arúgbó tí ò lè gbé nǹkan mì. Bí Màmá bá rí hóró funfun múlọ́múlọ́ nínú ìgbẹ́ wọn lọ́jọ́ kan, kí wọ́n má bẹ̀rù. Èèpo oògùn ló kù, ohun tó wà nínú rẹ̀ ti bọ́ sára. Mo ti rí àwọn tó fi ìbínú dá páálí padà lórí ọ̀rọ̀ yìí, pé ayédèrú ni wọ́n tà fáwọn.

Ara kì í lọ metformin kúná. Bó ṣe wọlé ló ṣe ń bá ìtọ̀ jáde. Bí kíndìnrín bá ti wá ń rẹ̀, oògùn á máa kó jọ, ásíìdì sì lè pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. Kì í sábà ṣẹlẹ̀, àmọ́ ó lè pani. Nọ́ńbà tí ẹ ó máa béèrè lẹ́nu dókítà ni èyí tí wọ́n ń pè ní eGFR, tó ń fi bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́ sí hàn. Bó bá ti wà lábẹ́ 30, a kì í fún èèyàn ní metformin mọ́. Màmá ti lò ó fún ọdún 8, nítorí náà ẹ tún ní kí wọ́n bá yín yẹ fítámì B12 wò, torí pé metformin máa ń dí i lọ́wọ́ láti wọ ara. Bí B12 bá lọlẹ̀, ẹsẹ̀ á máa kú tipiri, á máa ta ṣánṣán, gbogbo èèyàn á sì máa rò pé àtọ̀gbẹ ló fà á.

Ó wá kan Daonil, tí orúkọ oògùn inú rẹ̀ gan-an ń jẹ́ glibenclamide.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ṣàdédé bá ìran oògùn yìí pàdé. Ní 1942, ní ìlú Montpellier nílẹ̀ Faransé, Marcel Janbon ń fi oògùn tuntun kan tọ́jú àwọn tó ní ibà jẹ̀funjẹ̀fun, ló bá ṣàkíyèsí pé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wọn ń já. Auguste Loubatières ló wá fi hàn pé páńkíríásì ni oògùn náà ń bá ṣiṣẹ́. Bó ṣe ń ṣe é rèé. Páńkíríásì wà lẹ́yìn ikùn, àwọn sẹ́ẹ̀lì bẹ́tà inú rẹ̀ ló sì ń ṣe ínsúlíìnì. Lára sẹ́ẹ̀lì yìí, ojú ihò kékeré kan wà tí potasíọ̀mù ń gbà jáde. Bí a bá jẹun, tí ṣúgà wọ inú sẹ́ẹ̀lì, tó sì di agbára, ojú ihò náà á tì. Títì tó tì yẹn ló ń jẹ́ kí kálísíọ̀mù rọ́ wọlé, kálísíọ̀mù ló sì ń ti ínsúlíìnì jáde sínú ẹ̀jẹ̀. Ó mọ́gbọ́n dání: ṣúgà ló ń pe ínsúlíìnì, bí ṣúgà ò bá sí, ínsúlíìnì á jókòó sílé. Daonil ò dúró de ṣúgà. Òun fúnra rẹ̀ ló ń ti ojú ihò yẹn pa, yálà Màmá jẹun tàbí wọn ò jẹun.

Ṣúgà tó bá ti ọwọ́ Daonil kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ ò kúrò nílé. Ínsúlíìnì ti kó o sínú ẹran ara, ẹ̀dọ̀ àti ọ̀rá. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lò ó fi máa ń sanra díẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ “mú” tí Màmá ń sọ, torí ó ń kọ mí lóminú. Ẹ bi wọ́n, ẹ fi sùúrù bi wọ́n, báwo ni Daonil ṣe ń mú wọn? Bó bá jẹ́ pé wọ́n á ní ebi á kàn dédé gbò wọ́n ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, àyà á máa lù kìkì, ọwọ́ á máa gbọ̀n tí ife á fẹ́ẹ́ bọ́, òógùn tútù á bò wọ́n, tí wọ́n bá wá fi nǹkan sẹ́nu á lọlẹ̀, a jẹ́ pé kì í ṣe pé oògùn ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ṣúgà wọn ló ń já. Ẹ tún rántí bóyá aṣọ ìsùn wọn ti rin fún òógùn láàárín òru rí, tàbí bóyá wọ́n ti ń sọ̀sọkúsọ láàárọ̀ kí wọ́n tó jẹun rí. Ṣúgà ẹ̀jẹ̀ tó bá wà lábẹ́ 70 ti lọlẹ̀ jù. Mo mọ ìdílé tí wọ́n ti gbé irú èyí lọ sílé àdúrà, tí wọ́n ń wá ọ̀tá kiri, nígbà tó jẹ́ pé hóró kan tí wọ́n gbé mì láìjẹun ló ń jà.

Ara àgbà ló ń mú kí ọ̀rọ̀ náà le sí i. Bí ẹ̀dọ̀ bá lọ glibenclamide tán, ohun tó kù lára rẹ̀ ṣì lágbára, kíndìnrín ló sì gbọ́dọ̀ kó ọ̀pọ̀ lára rẹ̀ jáde. Ní ẹni ọdún 71, kíndìnrín kì í yá mọ́, oògùn àná á wá bá tòní. Àjọ Ìlera Àgbáyé pàápàá ti kọ ọ́ sínú àkójọ oògùn kòṣeémáànì wọn pé glibenclamide ò yẹ ẹni tó bá ti ju ọdún 60 lọ. Gliclazide, tó jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀, sàn díẹ̀ lọ́wọ́ àgbà. Nítorí náà, èmi ò rí ohun tí dókítà yẹn ṣe tí kò dáa. Bó bá jẹ́ èmi, màá ti yọ ọ́ tipẹ́.

Ohun kan tún wà níbẹ̀. Ìwádìí UKPDS tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 1998, fi hàn pé agbára sẹ́ẹ̀lì bẹ́tà máa ń dín kù lọ́dọọdún bí àtọ̀gbẹ ṣe ń pẹ́ lára. Oògùn tó ń ti páńkíríásì ṣiṣẹ́ ò lè ti ohun tí kò sí níbẹ̀ mọ́. Kò túmọ̀ sí pé ara ti “mọ” oògùn, bí àwọn èèyàn ṣe máa ń wí.

Dapagliflozin ní tirẹ̀ ò bá ẹ̀dọ̀ sọ̀rọ̀, kò bá páńkíríásì sọ̀rọ̀. Lójúmọ́, kíndìnrín ẹni tí ara rẹ̀ dá máa ń sẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 180 ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, á sì tún kó gbogbo rẹ̀ padà kó tó di ìtọ̀. Purotéènì kan tí wọ́n ń pè ní SGLT2 ló ń kó nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá rẹ̀ padà. Òun ni dapagliflozin dí lọ́wọ́. Ṣúgà tí ò bá ti rí ẹni kó o padà á bá ìtọ̀ lọ, ó sì lè tó gíráàmù 60 sí 80 lójúmọ́. Èyí nìkan nínú oògùn Màmá ló ń lé ṣúgà jáde kúrò nínú ara ní tòótọ́. Èrò yìí náà ti ara igi wá: láti 1835 ni wọ́n ti rí èròjà kan tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú èèpo gbòǹgbò igi ápù.

Ní báyìí, ìtọ̀ tí ẹ lọ yẹ̀ wò. Láyé àtijọ́, bí àwọn àgbà wa bá rí i tí èèrà ń ṣù bo ibi tí èèyàn tọ̀ sí, wọ́n á ti mọ̀ pé àìsàn ti dé. Fún Màmá, bí èèrà bá ṣù bo ìtọ̀ wọn lónìí, oògùn ń ṣiṣẹ́ ni. Ẹnikẹ́ni tó bá ń lo dapagliflozin, ṣúgà gbọ́dọ̀ wà nínú ìtọ̀ rẹ̀, kódà bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ 110. Ẹ má fi ìtọ̀ wọn díwọ̀n àtọ̀gbẹ mọ́, ẹ̀jẹ̀ ni kí ẹ máa yẹ̀ wò, bí wọ́n bá sì tún fẹ́ yẹ ìtọ̀ wò níbikíbi, ẹ kọ́kọ́ dárúkọ oògùn yìí.

Ìtọ̀ wọn á pọ̀ sí i lóòótọ́, pàápàá láwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, torí ṣúgà ń fa omi dání. Láàárọ̀ ni kí wọ́n máa lò ó, kí ìtọ̀ má bàa máa jí wọn lóru. Kí wọ́n máa mu omi. Bí wọ́n bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú ni tọ̀, kí dókítà mọ̀, kí òòyì má lọ gbé wọn ṣubú. Ojú ara lè máa yún wọn, torí ibi tí ṣúgà bá ti ń kọjá ni irú olú tíntín tí ojú lásán kò rí máa ń hù sí. Màmá ò ní sọ ọ́ fún ọmọ ọkùnrin, kí obìnrin ilé bá wọn fi ọgbọ́n béèrè. Kí wọ́n máa fi omi ṣan ibẹ̀ lẹ́yìn ìtọ̀. Bó bá yún, oògùn rẹ̀ wà.

Ewu tó lágbára jù kò wọ́pọ̀, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá ń bì, tí wọn ò lè jẹ, tí wọn ò lè mu, tàbí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ, ẹ dá dapagliflozin dúró, kí ẹ sì pe dókítà. Ti iṣẹ́ abẹ, ó kéré tán ọjọ́ 3 ṣáájú. Ara tí ò rí oúnjẹ, tí oògùn sì ń kó ṣúgà rẹ̀ dànù, lè máa sun ọ̀rá jù, ẹ̀jẹ̀ á wá kún fún ásíìdì. Ẹ̀rọ tí à ń fi ń yẹ ṣúgà wò nílé ò ní sọ fún yín, torí ṣúgà lè má ga rárá. Ìyẹn kan àwọn tó bá ń gba ààwẹ̀ náà. Kí Màmá má gba ààwẹ̀ lórí oògùn yìí láìsọ fún dókítà.

Kí ló dé tí dókítà fi mú òun, tí kò mú òmíràn? Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ torí ọkàn tàbí kíndìnrín. Àwọn ìwádìí ńlá tó jáde ní 2019 àti 2020 fi hàn pé dapagliflozin ń ran ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì ń mú kí kíndìnrín pẹ́ kó tó bàjẹ́, kódà lára ẹni tí kò ní àtọ̀gbẹ. Daonil ò lè ṣe ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí eGFR bá ti wà nísàlẹ̀ 45, agbára rẹ̀ láti mú ṣúgà wálẹ̀ á ti dín gan-an, bó tilẹ̀ ṣì wúlò fún kíndìnrín. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà èyí tó ní lọ́kàn.

Àwọn yòókù tí ẹ lè gbọ́ orúkọ wọn, n ò ní pẹ́ lórí wọn. Sitagliptin àti vildagliptin máa ń dáàbò bo họ́mọ̀nù kan tí ìfun ń tú jáde nígbà tí a bá jẹun, èyí tí kì í lò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ kó tó bàjẹ́. Nítorí pé ó ń dúró de oúnjẹ, kì í sábà mú ṣúgà já. Pioglitazone ń kọ́ ọ̀rá àti ẹran ara láti gbọ́ràn sí ínsúlíìnì, ó ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó fi ara hàn, ó sì lè mú ẹsẹ̀ wú, nítorí náà kì í ṣe ti ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò lágbára. Acarbose ń dá fífọ́ ítááṣì dúró díẹ̀ nínú ìfun, ẹni tó ń lò ó á sì mọ̀ nípa ìsó. Bí ṣúgà bá já lára ẹni tó ń lo acarbose pẹ̀lú oògùn bíi Daonil, ṣúgà onígun inú tíì ò ní tètè ràn án lọ́wọ́, glúkóòsì gidi ni kí ẹ fún un. Láti 2019 sì ni semaglutide oníhóró ti wà: inú òfìfo, omi díẹ̀, ìdajì wákàtí kó tó jẹ ohunkóhun.

Ohun tí màá ní kí ẹ ṣe báyìí ni kí ẹ máa kọ ṣúgà àárọ̀ wọn sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, pẹ̀lú aago tí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ó bá ṣì ń jẹ́ 170 lọ sókè, ẹ gbé ìwé náà lọ fún dókítà. Ó lè jẹ́ pé metformin ló fẹ́ àfikún, tàbí kó lọ sí alẹ́. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò HbA1c, tó ń fi bí ṣúgà ṣe rí láti oṣù méjì sí mẹ́ta hàn. Ìyẹn ló lè bá Màmá parí ẹjọ́ pé oògùn wo ló ń ṣiṣẹ́, ju bí ara wọn ṣe rí lọ.

Kí ẹ sì wá Daonil tó kù nílé, nínú àpò, lábẹ́ ìrọ̀rí, nínú agolo tí wọ́n ń kó owó sí. Ìyá tó bá ti gbà pé oògùn kan ló ń mú òun á máa yọ́ ọ lò pẹ̀lú tuntun, bóyá pẹ̀lú ewúro fífún lórí rẹ̀, a ó sì máa bi ara wa pé kí ló ń gbé ṣúgà wọn já. Bí ẹ bá rí i tí òógùn tútù bò wọ́n, ẹ po ṣíbí tíì ṣúgà mẹ́ta tàbí mẹ́rin sínú omi fún wọn, tàbí ìdajì ìgò mínírà gidi, ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, kí wọ́n sì jẹun. Bí wọ́n bá ti dákú, ẹ má da nǹkan kan sí wọn lẹ́nu, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé wọn lọ, kí ẹ sì mú páálí gbogbo oògùn tí ẹ bá bá nílé dání, ti tuntun àti ti àtijọ́. Bó bá jẹ́ Daonil ló gbé e já, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tètè dá wọn padà sílé torí pé ojú wọn ti là: ṣúgà náà lè tún já láàárín wákàtí 24.